Gbogbo Àìsàn Ẹ̀rọ, Mọ́dábọ́ọ̀dù Ni

Bí ẹ bá gbé kọ̀ǹpútà tí kò tàn lọ bá a, á ní mọ́dábọ́ọ̀dù ni. Bó bá tàn ṣùgbọ́n tó ń fà bí ìgbín, mọ́dábọ́ọ̀dù ni. Bí ohùn rẹ̀ bá há, bí ojú rẹ̀ bá ń ṣẹ́jú, bí máòsì rẹ̀ ò bá rìn mọ́, ọkùnrin yìí á yọ gíláàsì ojú rẹ̀, á nù ún, á tún wọ̀ ọ́, á mí kanlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ túfọ̀, á wá ní, "Ẹ mọ́kàn le. Mọ́dábọ́ọ̀dù ni." Obìnrin kan tiẹ̀ mú wáyà lásán wá lọ́jọ́ kan, wáyà tí wọ́n fi ń fa iná, kò gbé kọ̀ǹpútà kankan dání. Ó wo wáyà náà síwájú, ó wò ó sẹ́yìn, ó ní kí obìnrin náà padà sílé lọ gbé ìyókù wá, mọ́dábọ́ọ̀dù ni.

Bí gbogbo àdúgbò ṣe sọ ọ́ ní Mọ́dábọ́ọ̀dù-Ni nìyẹn. Kò bínú sí orúkọ náà rárá. Òun rò pé oyè ni.

Àwọn oyè tó fi ara rẹ̀ jẹ wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gàdàgbà: Ọ̀jọ̀gbọ́n Ẹ̀rọ, Dókítà Àgbà fún Kọ̀ǹpútà, Ọkọ Wáyà, Baba Iná. Yunifásítì tó ti gba gbogbo rẹ̀, òun nìkan ló mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ó máa ń wọ ẹ̀wù funfun bíi ti dókítà, á sì fi rọ́bà tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà aláìsàn kọ́ ọrùn. Á gbé ojú rọ́bà náà lé ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, á ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́, á dijú, á tẹ́tí. Ẹni tó gbé ẹ̀rọ wá á máa wò ó, á máa fẹsẹ̀ janlẹ̀. Níbi tó bá ti dijú yẹn, ohun tó ń rò ni iye tí ojú oníbàárà náà lè gbà.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀, mọ́dábọ́ọ̀dù ni pátákó pẹlẹbẹ tó wà nínú ikùn kọ̀ǹpútà. Orí rẹ̀ ni ọpọlọ ẹ̀rọ jókòó sí, òun sì ni gbogbo wáyà forí lé. Bí wọ́n bá sọ fún ẹ pé mọ́dábọ́ọ̀dù rẹ ti kú, ilé wó nìyẹn, kì í ṣe pé ilẹ̀kùn yẹ̀.

Àṣírí ọ̀gbẹ́ni yìí ò sì le. Ẹ̀rọ mẹ́jọ nínú mẹ́wàá tí wọ́n ń gbé wá, eruku ló ń dà wọ́n láàmú. Pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kékeré kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní ráàmù. Bí eruku bá wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, ẹ̀rọ ò ní tàn. Ẹ yọ ọ́, ẹ nu ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ tì í padà, ó tán. Mọ́dábọ́ọ̀dù-Ni mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n ta ló máa fún Ọ̀jọ̀gbọ́n lówó nítorí pé ó fi aṣọ nu nǹkan? Á ní mọ́dábọ́ọ̀dù ti jóná, á tú èyí tó wà láàyè jáde, á fi búrọ́ọ̀ṣì àti sípíríìtì fọ̀ ọ́ títí á fi máa dán, á tì í sínú ọ̀rá, á ti ọ̀rá bọ páálí, á tà á fún ẹni tó bá kàn pé tuntun ló dé. Tẹni yẹn náà á di tuntun fún ẹlòmíì. Àwọn mọ́dábọ́ọ̀dù àdúgbò yẹn ń kó kiri ju ayálégbé lọ.

Báyìí ni nǹkan ṣe ń lọ, tó ń dùn, tí Onígéèmù fi ránṣẹ́ pè é.

Onígéèmù ló ni gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ta eré géèmù, ogójì ẹ̀rọ, tó ń tan iná pupa, iná ewé, iná aró. Kò tò wọ́n fúnra rẹ̀. Inú páálí ló ti rà wọ́n, ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ṣe gbogbo wọn, wọ́n tò ó délẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wọn wá. Kéèyàn ṣáà fa wáyà kó máa ta eré lọ. Ó ń wá ẹni tí á máa tọ́jú wọn lọ́dọọdún. Ọ̀kan ti dákẹ́, èyí tó kọ nọ́ńbà kẹtàdínlógún sí lórí. Oníbàárà kan ló da ọtí ẹlẹ́rìndòdò sí i nínú níbi tó ti ń bínú pé wọ́n na òun nínú eré.

Mọ́dábọ́ọ̀dù-Ni gbé rọ́bà lé e, ó dijú. Lẹ́yìn náà ó ṣí i wò. Pátákó náà ti dúdú, ó ti wú. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti ń ṣe iṣẹ́, mọ́dábọ́ọ̀dù ni lóòótọ́.

"Ṣé ẹ lè pààrọ̀ ẹ̀, Dókítà?" Onígéèmù bi í.

"Èmi? Ẹ lọ bi ẹja bóyá ó mọ omi. Mo ti pààrọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù ju irun orí yín lọ."

Onígéèmù fọwọ́ pa orí. Orí rẹ̀ pá díẹ̀.

"Tí ẹ bá lè mú èyí tàn," ó ní, "ogójì ẹ̀rọ yìí di tiyín láti máa tọ́jú. Mo kàn fẹ́ kó tàn ni."

Ọlọ́gbọ́n ì bá ní ó dáa, á gbé ẹ̀rọ lọ sí kọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yin agbéraga lẹ́ẹ̀kan, á fi méjì kún un fúnra rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká ṣe é ní gbangba," ni Mọ́dábọ́ọ̀dù-Ni wí. "Lọ́sàn-án Sátidé, nínú gbọ̀ngàn yín níbí. Ẹ so ó mọ́ ojú ńlá bíi ti tẹlifíṣọ̀n tó wà lára ògiri yẹn. Ẹ jẹ́ kí ayé wá wo bí àgbà ṣe ń ṣe é."

"Ṣé ó pọn dandan?"

"Ẹ̀yin ẹ sá máa wò."

Ó gbé ẹ̀rọ náà dé ṣọ́ọ̀bù, ó kó gbogbo páálí rẹ̀ sílẹ̀, ìgbà náà ni ojú rẹ̀ wálẹ̀. Kò sí èyí tó wọ̀ ọ́. Ilé iṣẹ́ tó ṣe àwọn ẹ̀rọ yẹn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn pín nínú ọbẹ̀ wọn. Ihò nọ́ọ̀tì wọn ò sí níbi tí tàwọn yòókù wà. Púlọ́ọ̀gì tó ń gbé iná wá, ti gbogbo ayé ní ihò mẹ́rìnlélógún, tiwọn ní mẹ́wàá péré. Bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tan ẹ̀rọ, tí wáyà rẹ̀ máa ń tú ká ní wẹ́wẹ́, tiwọn sù pọ̀ sójú kan bí ọmọ ẹ̀yìn tó di ìyá rẹ̀ mú. Ó tì í, kò wọlé. Ó fi fáìlì irin ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò wọlé. Ó fi ẹnu fẹ́ ẹ, bíi pé ó fẹ́ bẹ̀ ẹ́, síbẹ̀ kò wọlé.

Ó pe gbogbo àwọn tó ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tó mọ̀. Ohùn wọn kò yàtọ̀: "Ẹ ò lè rí i rà. Inú ẹ̀rọ tiwọn nìkan ni wọ́n ń fi í sí. Àfi tẹ́ ẹ bá rí irú ẹ̀rọ yẹn mìíì tẹ́ ẹ tú."

Mọ́dábọ́ọ̀dù-Ni gbé fóònù sílẹ̀. Ó wo igun ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan wà níbẹ̀.

Ti Màmá Olùkọ́ ni. Màmá yìí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìdajì àdúgbò ló ti kọ́ ní jọ́gíráfì, Mọ́dábọ́ọ̀dù-Ni fúnra rẹ̀ wà lára wọn, ẹ̀yìn kíláàsì ló máa ń jókòó. Nígbà tí orúnkún màmá ò jẹ́ kó rìn jìnnà mọ́, ó lọ ra kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ta eré, ó ní bí ẹsẹ̀ òun ò bá lè rìn, òun á máa wa ọkọ̀ eré ìje. Ó sì mọ̀ ọ́n wà débi pé àwọn géńdé ń sá fún un. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ̀rọ náà kọ̀ kò tàn. Kí màmá tó jókòó ni Mọ́dábọ́ọ̀dù-Ni ti mọ̀ pé eruku ló wà lẹ́sẹ̀ ráàmù. Ó mí kanlẹ̀. "Mọ́dábọ́ọ̀dù ni, mà. Ṣùgbọ́n mo ti ra òmíràn fún yín láti òkè òkun. Ó wà lórí omi."

Láti ìgbà náà, àràárọ̀ ni màmá ń pè é.

"Ọkọ̀ ojú omi yẹn ti dé ibo?"

"Ó kù díẹ̀, mà."

"Òkun wo ló wà báyìí? Mo ti tẹ́ máàpù sílẹ̀, mo fẹ́ fọwọ́ tọ́ ọ."

"Òkun... òkun ńlá yẹn ni, mà."

"Àwọn òkun ńlá pọ̀. Mo sì kọ́ ẹ ní orúkọ wọn."

Ọjọ́ tó rẹ́rìn-ín sí igun ṣọ́ọ̀bù yẹn gan-an ló tú ẹ̀rọ màmá. Ó yọ mọ́dábọ́ọ̀dù rẹ̀, ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a, ó fi sípíríìtì wẹ̀ ẹ́. Ó yọ bátìrì róbótó tó wà lára rẹ̀, ó jẹ́ kó sinmi títí ó fi jẹun tán. Bí wọ́n bá yọ bátìrì yẹn, ẹ̀rọ á gbàgbé ọjọ́, á gbàgbé aago. Ó gbà lọ́kàn rẹ̀ pé á gbàgbé olówó rẹ̀ náà. Kò dá a padà sínú ẹ̀rọ kó tàn án wò. Ẹ̀rọ tó mọ̀ pé eruku lásán ló ṣe, kí ló tún fẹ́ wò lára rẹ̀? Ó fi í sínú ọ̀rá, ó fi irin gbígbóná lẹ ẹnu ọ̀rá náà pọ̀, ó lẹ bébà tó ní "tuntun" mọ́ páálí.

Ó wá fi ìpè ránṣẹ́. Kò ṣa èèyàn. Gbogbo nọ́ńbà oníbàárà tó wà nínú fóònù rẹ̀ ló tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ẹ wá wo Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ mú ọ̀rẹ́ yín dání.

Nígbà tó di ọ̀sán Sátidé, gbọ̀ngàn kún dẹ́nu ọ̀nà. Agẹrun wá, ayàwòrán wá, obìnrin tó ń ṣe káàdì ìgbéyàwó wá, àwọn tó ń ta eré dúró lẹ́yìn. Mọ́dábọ́ọ̀dù-Ni ti gba máíkì, ó sì gbé ẹ̀rọ agbóhùnjáde méjì kọjú sí ojú títì, kí àwọn tó ń kọjá lọ má bàa pàdánù. Ẹ̀wù funfun rẹ̀ le gbagidi. Ó kan rí Màmá Olùkọ́ ní ìlà kẹta ni, tó fi ọ̀pá sáàárín orúnkún, tó ń juwọ́ sí i. Ó kọ́kọ́ ṣe é bákan. Ó wá rò ó pé ojú màmá ò fi bẹ́ẹ̀ ríran, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ló fi bẹ̀rẹ̀. "Iṣẹ́ wa yìí ti bàjẹ́. Àwọn kan wà nígboro yìí tó ń tú ẹ̀yà ara ẹ̀rọ yín, tí wọ́n ń tà á fún ẹlòmíì bíi tuntun. Kí la máa pè wọ́n?"

"Olè," ni gbogbo ilé dáhùn.

"Ẹ tún un pè."

"Olè."

"Ẹ ṣeun. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè."

"Ọjọ́ kan ni ti olóhun," ni agẹrun bá a parí ẹ̀.

Ó gbé páálí sókè, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Tuntun rèé. Ilé iṣẹ́ fúnra wọn ló fi ránṣẹ́ sí mi, wọ́n mọ̀ mí dáadáa. Ọwọ́ ọmọ ènìyàn kankan ò tíì kàn án." Ó fi àlùmọ́gàjí gé ẹnu ọ̀rá tí òun fúnra rẹ̀ lẹ̀ ní ìjẹta.

Màmá Olùkọ́ na ọwọ́ sókè. "Ṣé irú tèmi nìyẹn?"

"Rárá o, mà. Tiyín ṣì wà lórí omi."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Màmá náà mi orí, ó ní kó máa bá iṣẹ́ lọ.

Ká má purọ́ mọ́ èèyàn, ọwọ́ Mọ́dábọ́ọ̀dù-Ni mọ iṣẹ́. Ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin kí iná ara rẹ̀ má bàa ta ẹ̀rọ. Ó tú fáànù, ó nu gírísì àtijọ́ kúrò, ó gbé ọwọ́ irin kékeré sókè, ó sì fi ìka méjì mú ọpọlọ ẹ̀rọ ní etí bí ẹni mú ẹyin àdàbà. Ó tú nọ́ọ̀tì gbogbo, ó yọ pátákó tó jóná, ó gbé èyí tó ń dán síbẹ̀. Gbogbo ihò bára mu. Ó tún gírísì kán sórí ọpọlọ, kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ, ó dé fáànù lé e, ó sì ń fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti igun dé igun kó lè jókòó dọ́gba. Púlọ́ọ̀gì oníhò mẹ́wàá wọlé wẹ́rẹ́. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ yẹn nìkan ló fi ń jẹun, ì bá yó. Ó dunni pé ẹnu ló gbájú mọ́.

"Ẹ wò mí," ó ní. Ó tẹ bọ́tìnnì.

Fáànù yí. Iná pupa tàn, iná ewé tàn, iná aró tàn. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́, àwọn tó wà lẹ́yìn ń súfèé. Onígéèmù dìde, ó ti ń na ọwọ́ bọ̀ wá bọ̀ ọ́. Mọ́dábọ́ọ̀dù-Ni kọ ẹ̀yìn sí ojú ńlá tó wà lára ògiri, ó kọjú sí àwọn èèyàn rẹ̀, ó na apá méjèèjì.

"Kí ni mo wí fún yín? Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ẹ kà á dáadáa."

Wọ́n sì ń kà á lóòótọ́. Ìlà iwájú ló kọ́kọ́ dákẹ́ àtẹ́wọ́, èkejì tẹ̀ lé e. Ó rò pé ìyàlẹ́nu ló mú wọn. Ó tún na apá sí i.

"Dókítà," ni Onígéèmù pè é, ọwọ́ rẹ̀ ti dúró lójú ọ̀nà. "Kí lèyí?"

Ó yíjú padà. Lójú ògiri, ní lẹ́tà ńlá funfun, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni:

ERO MAMA OLUKO NI EYI. KI I SE TIRE. BI O BA RI I, PE NOMBA YII.

Nọ́ńbà fóònù wà lábẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ ìyẹn, ẹ̀rọ náà ń bèèrè ọ̀rọ̀ àṣírí.

"Orúkọ ilé iṣẹ́ ni," ni Mọ́dábọ́ọ̀dù-Ni wí.

"Ilé iṣẹ́ tó ń jẹ́ Màmá Olùkọ́?"

"Wọ́n pọ̀ ní òkè òkun."

Onígéèmù yọ fóònù, ó ń wo ògiri, ó ń tẹ nọ́ńbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Fóònù kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní ìlà kẹta. Màmá Olùkọ́ tú báàgì rẹ̀, ó mú aṣọ ìnujú jáde, ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde, ó rí fóònù, ó wá gíláàsì ojú rẹ̀, ó wọ̀ ọ́, ó gbé e.

"Ẹ ǹlẹ́. Ta ló ń pè mí?"

"Èmi Onígéèmù ni, mà. Iwájú yín ni mo wà níbí."

"Kí ló wá ṣe ẹnu rẹ tó o fi ń náwó fóònù?"

"Ẹ bá mi ka ohun tó wà lára ògiri, mà."

Gíláàsì ti wà lójú màmá báyìí. Ó kà á sókè, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, bí ẹni tó ń máàkì iṣẹ́ ọmọ iléèwé. Nígbà tó kà á tán, ó dìde. "Lọ́jọ́ tí mo rà á, ẹni tó tà á fún mi fi ibì kan hàn mí nínú mọ́dábọ́ọ̀dù, tí olówó ẹ̀rọ lè kọ orúkọ sí. Ó ní tí mo bá ti kọ ọ́ síbẹ̀, bí wọ́n yọ bátìrì, bí wọ́n fi omi fọ̀ ọ́, kò ní parẹ́, àfi ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ àṣírí mi. Ohun tó dùn mí ni pé ẹ̀rọ ò jẹ́ n fàmì sórí ọ̀rọ̀."

"Mà, ẹ̀rọ méjì lè jọra," ni Mọ́dábọ́ọ̀dù-Ni wí. Ohùn rẹ̀ ti ń wálẹ̀.

Màmá fi ọ̀pá yẹ àwọn èèyàn sọ́nà, ó débẹ̀, ó fi ìka kan tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. Ẹ̀rọ náà ṣí fún un.

Kò sí ẹni tó pariwo, ohun tó tiẹ̀ burú nìyẹn. Agẹrun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́. "Dókítà, bọ́ọ̀dù tèmi tẹ́ ẹ ní ó jóná, ibo lẹ gbé e sí?"

"Èyí tẹ́ ẹ tà fún mi ní tuntun lọ́sẹ̀ yẹn ńkọ́?" ni ayàwòrán bi í. "Lọ́jọ́ wo ni mo gbé e, ọjọ́ wo ni ti agẹrun bàjẹ́?"

Obìnrin oníkáàdì yíjú sí ayàwòrán, ayàwòrán yíjú sí agẹrun. Wọ́n ń wo ara wọn bí àwọn tó jáde nílé àdúrà, tí oníkálukú wá rí i pé bàtà ẹnìkejì lòun wọ̀. Mọ́dábọ́ọ̀dù-Ni ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ pe gbogbo wọn wá.

Onígéèmù ká ọwọ́ tó nà sílẹ̀ padà sápò. Kò pè é ní Dókítà mọ́. "Ogójì ẹ̀rọ," ó ní, ó ń mi orí. "Tí mo bá gbé ogójì ẹ̀rọ lé ẹ lọ́wọ́, kí ọdún tó yí po, ilé ta ni mi ò ní máa lọ ti kí wọn? Máa lọ. Iṣẹ́ yẹn ò sí mọ́."

Ó fẹ́ lọ. Ó ti di àpò irinṣẹ́ rẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n Màmá Olùkọ́ gbé ọ̀pá dí i lọ́nà.

"Dúró dáadáa. Yọ ọwọ́ kúrò lápò. Kí ló ṣe ẹ̀rọ mi gan-an?"

Ó wo ilẹ̀. Ó wo rọ́bà tó fi kọ́rùn. Òógùn ti mú kí ẹ̀wù funfun náà lẹ̀ mọ́ ọn lára.

"Eruku ni, mà."

"Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́."

Ó wo ojú màmá bóyá ó ń ṣàwàdà. Kò ṣàwàdà. Ó gbé máíkì súnmọ́ ẹnu.

"Eruku ni."

Gbogbo títì gbọ́.